Bàbá Kì í Dáhùn Létí Ọ̀tìn

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo sì ti sọ fún àìmọye ọmọ pé ẹja kò ní etí. Mo máa ń ya ẹja sójú pátákó, màá kọ ìpẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìpẹ́, màá kọ ìrù sí ẹ̀gbẹ́ ìrù, kò sí ibi tí mo ti kọ etí. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì ni mo tó mọ̀ pé irọ́ ni mo ń pa. Bàbá ìyàwó mi ló là mí lójú, ọ̀rọ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé bàbá náà kúrò nílé ara wọn kí ó tó yé mi.

Òkukù ni Bàbá ń gbé, nínú ilé kan tí kò jìnnà sí ojú irin. Iṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n ṣe nígbà tí ara ṣì le. Wọ́n wà lára àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rin ojú irin láti Ìkìrun dé Òkukù, tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá bóòtù kan ti tú tàbí igi kan ti wó dí ọ̀nà. Ìgbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì ni wọ́n ra ìwọ̀. Láti ìgbà náà, bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ nínú oṣù Ọ̀wàrà, tí odò Ọ̀tìn bẹ̀rẹ̀ sí í fà kúrò nínú àwọn oko ẹ̀fọ́ tó ti bò mọ́lẹ̀, ẹ ò ní bá Bàbá nílé mọ́. Ẹ ó bá wọn lórí àpáta pẹlẹbẹ kan lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà tó já sí ìhà Inísà, pẹ̀lú ọ̀pá ọparun kan àti ike tí ekòló wà nínú rẹ̀. Ìyá ìyàwó mi ló máa ń bínú sí ọ̀rọ̀ odò yìí. Ṣùgbọ́n Ìyá ti lọ, ọdún kejì rèé, kò sì sí ẹni tó ń bínú mọ́ bí kò ṣe àwọn ọmọ.

Ohun tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni pé àwọn ará Inísà àti Ìgbàyè tó ń gba ọ̀nà odò kọjá lọ sọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Bàbá kì í dáhùn mọ́ bí a bá kí wọn. Obìnrin kan tó ru ata kí wọn, ‘Ẹ kú iṣẹ́ o’, ńṣe ni wọ́n ń wo omi. Ọlọ́kadà kan dúró, ó pa ẹ̀rọ, ó ní, ‘Bàbá, ẹ kú ìjókòó’, wọn ò mira. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nílẹ̀ wa. Èèyàn lè gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀, a ó ní ọjọ́ orí ni. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí a kí tí kò dáhùn, nǹkan ti ṣe é: bóyá etí ti di, bóyá ọpọlọ ti ń kó ẹrù kúrò nílé.

Ọ̀rọ̀ náà dé Ìbàdàn, sí etí àkọ́bí wọn, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Mo fi ọdún mẹ́ta ju ọkùnrin náà lọ, ṣùgbọ́n àna ni àna ń jẹ́. Bí ó bá pè mí lórí fóònù pàápàá, n kì í mọ ìgbà tí mo ń tẹrí ba.

Ó ní, ‘Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ wọn. Ẹ dákun, ẹ bá mi lọ wò wọ́n létí odò yẹn. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni pé wọn ò gbọ́ràn mọ́, mi ò ní jẹ́ kí ọyẹ́ bá wọn níbẹ̀. Ìbàdàn ni màá kó wọn wá. Ọjọ́ tí wọ́n bá yọ̀ ṣubú sómi yẹn, kí la fẹ́ sọ fáráyé?’

Ìyàwó mi jókòó tì mí, ó ń gbọ́. Yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n fẹ́ fi Bàbá sí, pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó fi gbogbo ìgbà èwe rìn lójú irin, tó wá ń jókòó ti omi lọ́jọ́ ogbó, kí ni yóò máa fi tẹlifíṣọ̀n ṣe? Àwa méjèèjì mọ̀ pé wọn ò ní lo ọdún kan níbẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀lé Ìyá. Àmọ́ ta ni yóò wá sọ pé kí bàbá ẹni kú sómi?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo wọ bọ́ọ̀sì láti Ìkìrun níbi tí à ń gbé, mo bọ́ sílẹ̀ ní Òkukù, mo fi ẹsẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀ lọ sétí odò. Mo wọ bùbá àti ṣòkòtò tó mọ́, nítorí pé àna ni mo fẹ́ lọ kí. Mo bá Bàbá lórí àpáta wọn, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi díẹ̀, okùn ìwọ̀ wà láàárín ìka wọn. Mo ṣe ohun tí ọkọ ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ń ṣe. Mo nà gbalaja sórí ilẹ̀ tútù, àyà mi ró gbì, mo ní, ‘Ẹ káàárọ̀ sà! Ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé dáadáa la jí?’

Wọn ò dáhùn. Wọn ò yíjú. Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀, ẹrẹ̀ ń wọ bùbá mi. Mo tún un sọ, mo gbé ohùn sókè bí ẹni tó ń pe kíláàsì tó ń pariwo. Nǹkan kan jà nínú omi lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Bàbá mí kanlẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo gbọ́ lẹ́nu wọn.

Mo dìde, mo gbọn ẹrẹ̀ ara mi. Àánú wọn ṣe mí débi pé omi lé ròrò sójú mi. Bàbá tó fi ọmọ fún mi, tó jẹ́ pé bí a bá kí ara wa tán, wọ́n á béèrè ìyá mi, wọ́n á béèrè iṣẹ́, wọ́n á béèrè ewúrẹ́ ilé mi pàápàá! Mo padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo pe Ìbàdàn. Mo ní, ‘Òótọ́ ni. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀.’ Ó ní òun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tún yàrá náà ṣe. Mo wọ bọ́ọ̀sì padà sí Ìkìrun láì dúró di ìrọ̀lẹ́.

Ìyàwó mi ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ó bi mí pé, ‘Ẹ kí wọn, wọn ò dáhùn. Kí ni wọ́n wá ń ṣe?’

Mo ní wọ́n ń pẹja.

‘Ṣé wọ́n pa á?’

Mo ní n kò dúró wò ó. Ó wò mí bí mo ṣe máa ń wo ọmọ tó kọ ìdáhùn láì ka ìbéèrè. ‘Ẹ padà lọ,’ ló wí, ‘kẹ́ ẹ sì dúró dìgbà tí wọ́n bá ń wálé.’

Lọ́jọ́bọ̀, mo padà. Lọ́tẹ̀ yìí n kò sún mọ́ wọn. Mo jókòó sábẹ́ igi kan lókè, mo ń wò wọ́n. Èèyàn mẹ́rin ló kọjá láàárọ̀ yẹn, gbogbo wọn ló sì kí Bàbá. Ìyá kan tó wá fọ irú kí wọn. Ọkùnrin kan tó ru igi ìdáná kí wọn. Ọlọ́kadà kan fọn fèrè fún wọn. Arábìnrin aláṣọ funfun kan, ọmọ ìjọ Aládùúrà, tó wá pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì, kúnlẹ̀ lórí iyanrìn, ó kí wọn. Bàbá ò dá ẹnì kankan lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹja mẹ́ta ni mo rí tí wọ́n fà jáde, epìà méjì àti àrọ̀ kan tó gùn tó láti ọwọ́ mi dé ìgúnpá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Ọpọlọ tó ti ń kó ẹrù kì í fa àrọ̀ jáde báyẹn.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, wọ́n ká okùn, wọ́n gbé korobá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè padà sílùú. Mo tẹ̀lé wọn lókèèrè. Ilé tí ọ̀nà odò kọ́kọ́ kàn ni ilé ìyá onírú. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, ‘Ìyá, o kú iṣẹ́ àárọ̀ o. Mo gbọ́ ọ. O wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó o tó kí mi. Ṣé o ti lo nǹkan sí i?’ Obìnrin náà dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé pé òun ti lo àgbo. Wọ́n kọjá. Wọ́n dé ìdí máńgòrò tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí, wọ́n ní, ‘Ta ló fọn fèrè fún mi láàárọ̀? Mo gbọ́ o. Ṣéènì rẹ ti dẹ̀, ó ń lù. Lọ fún un kó le.’ Bí wọ́n ṣe ń lọ nìyẹn, láti ilé dé ilé. Wọ́n dá ọkùnrin onígi lóhùn, wọ́n dá ọmọ ìjọ aláṣọ funfun lóhùn, wọ́n sì béèrè ọmọ, wọ́n béèrè oko, kò sí èyí tí wọ́n fò. Àwọn ará àdúgbò ò tiẹ̀ kà á sí nǹkan kan. Wọ́n ti mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá ń dáhùn. Àwa ọmọ la ò mọ̀, nítorí pé àwọn tó ń kọjá la gbà gbọ́.

Mo ṣì wà lẹ́yìn wọn nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ láì yíjú. ‘Tíṣà, mo gbọ́ tìẹ náà. Ti ìjẹta. O kí mi lẹ́ẹ̀mejì. Àrọ̀ tó ti fẹ́ gbé ìwọ̀ mì, àyà rẹ ló lé e lọ.’

Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ tún dọ̀bálẹ̀. A dé iwájú ilé, wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n wá là mí lóye. Wọ́n ní irin ló kọ́ àwọn. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bá ṣì wà lẹ́yìn òkè, etí lásán ò ní gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí o bá dùbúlẹ̀ tí o gbé etí lé irin, wàá gbọ́ bó ṣe ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ ń rí sí ẹja. Kò dìgbà tó bá gbọ́ ‘ẹ káàárọ̀’ rẹ. Àyà tí o fi lulẹ̀ ló gbọ́.

Mo ní, ‘Bàbá, ẹnu ńkọ́? Ẹ ṣáà lè dáhùn láì dìde.’

‘Dáhùn kẹ̀? Bí mo bá dáhùn, màá béèrè ọmọ. Bí mo bá béèrè ọmọ, wọ́n á béèrè ara mi. Wọ́n á béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn mí lọ́dún tó kọjá. Ìgbà wo ni mo fẹ́ pẹja?’

Mo pe Ìbàdàn, mo jẹ́wọ́. Àna mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, ‘Bọ̀ọ̀dá, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ẹ ní wọn ò gbọ́ràn. Lónìí ẹ ní wọ́n gbọ́ ikọ́ ìyá onírú. Èwo ni kí n gbà? Ẹ dúró tì wọ́n fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ẹ wo gbogbo ẹ̀: etí, ẹsẹ̀, ojú. Ohun tẹ́ ẹ bá rí gan-an ni kẹ́ ẹ sọ fún mi.’ Mo ní mo gbọ́.

Bí mo ṣe di ọmọ kíláàsì létí odò nìyẹn, ní ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Inú mi sì dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. N kò mọ̀ pé ohun tí n kò mọ̀ pọ̀ tó báyẹn ní ìrìn bọ́ọ̀sì kan péré sí ilé mi. Mo kọ́ pé ekòló ni àrọ̀ ń fẹ́, àmọ́ epìà á jẹ ẹ̀bà tí a fi epo díẹ̀ rò. Mo kọ́ pé bí omi ṣe ń fà, ẹja ń kó jọ sínú kòtò, ebi sì ń pa wọ́n nítorí pé oko tí wọ́n ti ń jẹun ti gbẹ. Mo gé àjákù sílípáàsì pupa kan so mọ́ okùn mi kí n lè rí ìgbà tó bá rì. Bàbá ò lo irú ẹ̀. Ìka wọn ni wọ́n ń gbé okùn lé.

Mo tún ṣe ìwádìí tèmi. Nígbà tí Bàbá bá ń jẹun ọ̀sán, màá lọ síbi tí àwọn epìà wẹ́wẹ́ ń jẹ koríko létí omi. Mo fi bàtà rìn sún mọ́ wọn, wọ́n sá. Mo bọ́ bàtà, mo rọra tẹ ẹsẹ̀, wọ́n dúró dìgbà tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo ju òkúta sílẹ̀ lórí ilẹ̀ lásán, kò tiẹ̀ kan omi, wọ́n sá. Mo wá kọ orin ìjọ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo fi gbogbo ọ̀fun mi kọ ọ́. Wọ́n ń jẹun wọn lọ.

Mo sáré lọ jábọ̀ fún Bàbá pé ẹja ò ka ohùn sí rárá, pé wọ́n lè máa dáhùn o.

‘Mo mọ̀,’ ni wọ́n wí. ‘Èmi ni mo ka ohùn sí.’

N kò bi wọ́n ìdí rẹ̀. Èmi tí mò ń pe ara mi ní ẹni tó fẹ́ mọ ohun gbogbo.

Ohun kan tún wà. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń bi mí pé, ‘Tíṣà, irú àwọ̀ wo ni omi wọ̀ lónìí?’ Mo rò pé wọ́n ń dán mi wò ni, bí èmi náà ṣe máa ń bi àwọn ọmọ ní ohun tí mo ti mọ̀. Màá ní, ‘Ó dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí.’ Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo ní, ‘Ó ti ń mọ́. Ó dà bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì.’ Wọ́n á ní ó dáa, kí n fún wọn ní ekòló tó kéré, torí pé ẹja ti ń ríran.

Lọ́jọ́ kan, okùn mi gbọ̀n lọ́nà tí n kò rí rí. Bàbá na ìka kan fọwọ́ kan okùn náà. ‘Òjìjí ni. Má fọwọ́ kàn án.’ Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń rí. Mo fọwọ́ kàn án, ó gbá mi láti ìka dé èjìká, mo sì jókòó sínú omi. Bàbá rẹ́rìn-ín láì jẹ́ kí ohùn jáde, ikùn wọn ló ń mì. Fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan ni àpáta náà fi ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo rò pé mo ti gbọ́n. Ọ̀kadà tó gbé mi lọ́jọ́ náà ń lọ sí Inísà, mo ní kó gbé mi kọjá afárá, mo sì gba òdì kejì odò. Mo bọ́ bàtà. Mo rìn lórí koríko pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí mo fi dé ọ̀gangan iwájú Bàbá. Odò nìkan ló wà láàárín wa, ibẹ̀ ò sì fẹ̀ ju yàrá méjì lọ. Mo fẹ́ kí wọn ní ìkíni tí ẹja kankan ò ní gbọ́. Mo ṣí fìlà, mo tẹrí ba, mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀, mo dìde, mo juwọ́. Bàbá gbójú sókè, wọ́n wò mí tààrà. Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dorí kọ omi padà.

Mo rò pé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni. Mo yí gba afárá wá bá wọn, wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ mi, wọ́n sún fún mi lórí àpáta. Nírọ̀lẹ́, wọ́n dá ìyá onírú lóhùn, wọ́n dá àwọn ọlọ́kadà lóhùn, wọ́n dá olúkúlùkù lóhùn bó ṣe kí wọn. Mo ń retí tèmi. A dé iwájú ilé, kò jáde. Wọ́n gbé korobá sílẹ̀, wọ́n ń wá ìlẹ̀kùn, kò jáde. Bàbá tí kì í gbàgbé!

Ibẹ̀ ni mo ti fura. Bàbá tó gbọ́ gbogbo ayé ò dá mi lóhùn nítorí pé n kò pariwo. Mo rántí okùn tó wà lórí ìka. Mo rántí àwọ̀ omi.

Kò bójú mu kí n máa dán àgbà wò, nítorí náà, lọ́jọ́ kejì, mo béèrè. Mo ní, ‘Bàbá, ẹ má bínú. Lánàá, mo kí yín láti òdì kejì. Ọwọ́ ni mo fi kí yín.’

Wọ́n fa okùn wọlé, wọ́n gbé ìwọ̀ sílẹ̀, ohun tí n kò rí wọn ṣe rí láàárín ọjọ́.

‘Ojú òsì ti kú ṣáájú ìyá yín,’ ni wọ́n wí. ‘Èyí ọ̀tún, mò ń fi mọ̀sán mọ̀ru, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá yín mọ̀. Òun ló máa ń lọ pọn omi láàárọ̀, á wá sọ àwọ̀ ẹ̀ fún mi kí n tó jáde. Á máa bínú, á sì máa sọ ọ́.’

Mo fa okùn tèmi náà wọlé.

‘Wọ́n rán ọ wá. Mo mọ̀. Bó o bá sọ ọ́, wọ́n á gbé mi lọ. Tíṣà, ní Ìbàdàn, afọ́jú ni màá jẹ́. Níbí, apẹja ni mí.’

Àwọn àgbà sọ pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a máa jẹ́ ẹ fún. Ó rọrùn láti sọ. Mo ti kọ́kọ́ jíṣẹ́ èké lẹ́ẹ̀kan, ó sì kù díẹ̀ kó ba ayé èèyàn jẹ́. Bí mo bá tún bo èyí mọ́lẹ̀ ńkọ́? Lọ́jọ́ Sátidé, mo dé Òkukù kí Bàbá tó jí, mo dúró sí ìdí máńgòrò, mo di ojú mi méjèèjì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sódò. Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń rí. Mo kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ẹsẹ̀ mi ò bá ilẹ̀. Ibì kan wà tí àgbàrá òjò ọdún yìí ti bu etí ọ̀nà jẹ, bí mi ò bá di gbòǹgbò kan mú ni, inú omi ni ǹ bá wà. Ibẹ̀ ni Bàbá ń gbà lójoojúmọ́, ó sì ń fẹ̀ sí i.

Mo sọ fún ìyàwó mi. Ó sunkún, ó ní kí n pe ẹ̀gbọ́n òun. Mo pè é lọ́jọ́ náà. Mo ní etí pé, ọpọlọ pé, ọwọ́ pé ju tèmi lọ. Mo ní ojú ti lọ. Mo sọ ti etí ọ̀nà tó ya. Mo wá ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ ẹ bá lè fi wọ́n sílẹ̀, màá dí ibi tó ya, màá na okùn láti ìdí máńgòrò dé àpáta, kò sì ní sí ọjọ́ tí wọ́n máa lọ sódò tí mi ò ní sí níbẹ̀.’

Ó ní, ‘Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì òní, mò ń gbé mọ́tò bọ̀.’ Kò sọ ohun tí mọ́tò náà wà fún, n kò sì lè béèrè.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, èmi àti ìyàwó mi lọ bá Bàbá, mo sì sọ fún wọn lójú ara wọn pé mo ti sọ ọ́. Wọn ò bínú pariwo. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì pa ìlẹ̀kùn dé.

Láti ọjọ́ Ajé, Bàbá ò dáhùn kíkí mi mọ́. N kò sọ ti etí odò. Ti ìrọ̀lẹ́ ni mò ń wí. Wọ́n á dá gbogbo àdúgbò lóhùn, wọ́n á fò mí. Àwọn àgbà ní ẹni tí kò kí ni kú àbọ̀ ló ń pàdánù ẹ kú ilé. Èmi kí tèmi, mo sì pàdánù ẹ̀. Ó dùn mí, ẹ má jẹ́ kí n purọ́; ó dùn mí bíi pé bàbá tó bí mi ló kọ̀ mí. Mo kó òkúta dí ibi tó ya, mo kan igi mọ́lẹ̀, mo na okùn. Wọ́n di okùn náà mú, wọ́n ń tọ̀ ọ́ lọ, wọn ò béèrè ta ló nà án. Láràárọ̀ ni mo ń rọra kí wọn, màá sì sọ àwọ̀ omi, bí wọn ò tilẹ̀ bi mí. Wọn ò fèsì. Ṣùgbọ́n ekòló tó bá àwọ̀ omi náà mu ni wọ́n ń mú nínú ike. Ọjọ́ mọ́kànlá ni a fi wà bẹ́ẹ̀, láìka ọjọ́ Ìsinmi tí Bàbá kì í lọ sódò.

Sátidé pé. Mọ́tò ńlá kan dúró lókè, àkọ́bí sì ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú bàtà aláwọ tó ń ró kò, kò, kò. Ó rí okùn tí mo nà, ó fọwọ́ kàn án, ó dé ẹ̀yìn Bàbá, ó sì nà gbalaja. Gbì! ‘Ẹ káàárọ̀ sà! Bàbá mi!’ Bàbá ń wo omi. Ọkùnrin náà gbójú sókè wò mí, ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Mo gbé ìka lé ètè, mo fọwọ́ tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ mi lórí àpáta. Ó bọ́ bàtà, ó wá jókòó.

A jókòó títí oòrùn fi yí. Lójijì, mo rí i tí ìka Bàbá mira. Dípò kí wọ́n fà á, wọ́n na ọwọ́ kejì wá ọmọ wọn lórí àpáta, wọ́n rí ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé okùn náà lé ìka rẹ̀. Ojú ọ̀gá Ìbàdàn là. Ó fẹ́ kígbe, ó rántí, ó bo ẹnu ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àrọ̀ tó fà jáde lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ títí dòní, ó sì ń gùn sí i ni.

Nírọ̀lẹ́, ó tẹ̀lé wa láti ilé dé ilé, ó ń gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń dáhùn. Nígbà tí a dé iwájú ilé, Bàbá yíjú sí i. ‘Ọmọ mi, káàbọ̀. Mo gbọ́ ọ láàárọ̀. Bàtà òsì rẹ há, ò ń fà á nílẹ̀. O sì ti sanra, ilẹ̀ ló sọ fún mi.’ Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò tíì tán tó fi ń fi etí bùbá nu ojú. Ó yíjú sí mi. ‘Bọ̀ọ̀dá, okùn tẹ́ ẹ nà yẹn, ó tín-ín-rín jù. Ẹ jẹ́ ká wá èyí tó nípọn.’ Mo mọ̀ nígbà náà pé mọ́tò yẹn ò ní gbé Bàbá lọ.

Mo dìde láti máa lọ, kí bọ́ọ̀sì Ìkìrun má baà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

‘Tíṣà.’

Mo dúró.

‘Ọjọ́ Ajé, o ní ẹ káàárọ̀, o ní omi dà bíi tíì tí wọn ò da mílíìkì sí. Mo gbọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀fìnkìn ń dà ọ́ láàmú, o ní omi mọ́ díẹ̀. Mo gbọ́. Ọjọ́rú, o pẹ́ dé, ò ń mí hẹlẹ. Mo gbọ́.’ Wọ́n ń kà á lọ, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú omi rẹ̀, títí ọjọ́ mọ́kànlá fi pé, wọn ò ṣi ẹyọ kan. Mo dúró síbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀.

‘Ó ku ọ̀kan,’ ni wọ́n wí. ‘Èyí tí o fi ọwọ́ kí mi láti òdì kejì. Ìyẹn ò dé ọ̀dọ̀ mi. Tún un kí.’

Kò sí ẹja kankan nítòsí tí yóò sá. Mo nà gbalaja sórí sìmẹ́ńtì iwájú ilé náà, mo sì jẹ́ kí àyà mi ró gbì.

‘Mo gbọ́,’ ni Bàbá wí.